Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Iná Lésà Nígbà Tí A Bá Ń Fi Ìyẹ̀fun Irin Mọ Nǹkan

Ẹni tí ó bá ti dúró ti ajórinmọ́rin rí ní Takie tàbí ní Sábó, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá kéré jù, irin tí a ń yọ́ yóò kàn jókòó sórí irin ìsàlẹ̀ ni, kò ní wọ inú rẹ̀. Ojú iṣẹ́ náà lè dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹrù bá gùn ún ni àṣírí rẹ̀ yóò tú. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá pọ̀ jù, iná yóò dá irin náà lu. Bàbá mi, tí ó jẹ́ ajórinmọ́rin, kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun àfi bí ọmọ náà bá kọ́kọ́ fi ayùn gé ìjórin rẹ̀ sí méjì lójú rẹ̀, kí gbogbo wa lè rí bí iná ṣe wọlé tó.

Fífi ìyẹ̀fun irin àti lésà, ìyẹn ìtànṣán alágbára tí ń yọ́ irin, mọ nǹkan kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò tẹ́ ìyẹ̀fun irin sórí pèpéle kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn da èlùbọ́ sórí atẹ tí ó sì fi igi fà á kí ó dọ́gba. Lésà yóò yọ́ kìkì ibi tí kọ̀ǹpútà bá yàn fún un, pèpéle yóò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ yóò tẹ́ ìyẹ̀fun mìíràn lé e, lésà yóò tún yọ́ ọ, títí nǹkan tí a ń mọ yóò fi parí. Ohun tí ó mú iṣẹ́ yìí le ni iye ìjórin tí ó wà nínú ohun kékeré kan. Ẹ jẹ́ kí a mú búlọ́ọ̀kù irin tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan péré. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá nípọn tó 0.04 mìlímítà, ìpele 250 ni a ó tẹ́. Bí ìlà sí ìlà bá sì fi 0.1 mìlímítà jìnnà síra, ìlà 100 ni lésà yóò fà lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ìlà 25,000, bí a bá sì so wọ́n mọ́ ara wọn, wọn yóò gùn tó 250 mítà. Mítà 250 ìjórin nínú ohun tí ọmọdé lè di sí àtẹ́lẹwọ́! Kò sí ojú tí ó lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀ bí ó ti ń lọ, nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ díwọ̀n iná náà dáadáa.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní LAUTECH níhìn-ín sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo ni ká tẹ̀ sínú ẹ̀rọ?” Nọ́ńbà kan ni wọ́n ń wá. Mo mọ bí ó ṣe ń ṣe wọ́n, nítorí pé nọ́ńbà kan ni èmi náà wá nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ó sì kó mi sínú ìbànújẹ́ tí n ó ròyìn rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun mẹ́rin tí ọwọ́ wa lè yí

Èkíní ni agbára lésà fúnra rẹ̀, tí a ń fi wáàtì wọ̀n. Lésà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ wà láàárín 100 sí 400 wáàtì, àwọn ńlá kan sì wà tí wọ́n tó 1,000. Èkejì ni eré tí ojú iná ń sá lórí ìyẹ̀fun, ìyẹn iye mìlímítà tí ó ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀kẹta ni àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Ẹ̀kẹrin ni ìnípọn ìpele, tí ó sábà máa ń wà láàárín 0.02 sí 0.06 mìlímítà.

Àwọn oníṣẹ́ máa ń kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú ìṣirò kan ṣoṣo. A ó fi eré, àlàfo àti ìnípọn lọ ara wọn, ìyẹn ìsọdipúpọ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín agbára. Ohun tí yóò jáde ni iye júùlù tí a ná lórí irin tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní òṣùwọ̀n ooru. Bí a bá ń fi irin aláìdípẹtà tí wọ́n ń pè ní 316L ṣiṣẹ́, tí agbára jẹ́ 200 wáàtì, tí eré jẹ́ 800 mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí àlàfo jẹ́ 0.1, tí ìnípọn sì jẹ́ 0.04, ìṣirò náà yóò lọ báyìí: 800 × 0.1 × 0.04 jẹ́ 3.2, 200 ÷ 3.2 sì jẹ́ 62.5. Ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí irin yìí nìyẹn. Bí a bá mú agbára sókè, òṣùwọ̀n ooru yóò pọ̀ sí i. Bí a bá mú ọ̀kankan nínú mẹ́ta yòókù sókè, yóò dín kù.

Títí dé ibi yìí, gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 100 wáàtì àti eré 400 ṣe ìṣirò kan náà: 62.5 ni. Ẹ fi 400 wáàtì àti eré 1,600 ṣe é: 62.5 náà ni. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ṣùgbọ́n irin mẹ́ta tí ìwà wọn kò jọra ni yóò jáde.

Ẹ wo ìkòkò tí ó ń jò. Bí ẹ bá da korobá omi kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò kún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ń ro omi korobá kan náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò ní kún láé, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni ẹ lò. Irin náà ń jo ooru. Gbogbo irin líle tí ó wà lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú iná ni ó ń fa ooru lọ. Bí lésà bá ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára kékeré, ooru yóò ráyè sá lọ kí irin ibẹ̀ tó yọ́ jìnnà. Bí agbára bá pọ̀ tí eré sì pọ̀, kò ní ráyè sá, yóò kó ara jọ sójú kan, yóò sì gbẹ́ ihò wọlé. Ìṣirò wa kò mọ jíjò yìí rárá. Kò tilẹ̀ béèrè bí ojú iná náà ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ iná tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 0.1 mìlímítà kò lè gún irin bí èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.07, bí wáàtì wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lésà ẹ̀rọ wa ti gbó, a kò sì fẹ́ kí ó kọjá 100 wáàtì. A mú 62.5 láti inú ètò ẹ̀rọ mìíràn, a dín agbára sí 100, a dín eré sí 400, a ṣe ìṣirò, ó pé. A wá mọ abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ tí ń fa omi, mélòó kan. Ojú wọn dán, ìwọ̀n wọn pé, a kó wọn fún àwọn tí ó ni wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan sán ní ìdí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a gé e, a rí ihò gbọọrọ gbọọrọ tí etí wọn mú bí abẹ, tí wọ́n tò sí àárín ìpele sí ìpele, ìyẹ̀fun tí iná kò yọ́ sì ṣì wà nínú àwọn mìíràn. Èmi ni mo ṣe ìṣirò náà. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ilé tí wọ́n ti máa ń gé ìjórin wò ni mo ti jáde wá, síbẹ̀ n kò gé ẹyọ kan nínú àwọn abẹ̀bẹ̀ náà kí n tó jẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo adágún, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan

Ibi tí lésà bá bà á, irin yóò yọ́, yóò sì di adágún kékeré kan tí ń tẹ̀lé iná lẹ́yìn. Ìbú adágún náà àti jíjìn rẹ̀ ni ó ń sọ bóyá iṣẹ́ yóò dára. Nígbà tí iná bá wà ní ìwọ̀nba, ooru ń tàn ká láti ojú irin lọ sí ìhà gbogbo, adágún sì máa ń dà bí ìdajì igbá, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìbú rẹ̀. Nígbà tí iná bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin kò ní yọ́ nìkan, yóò hó. Irin lásán ń yọ́ ní 1,538 °C, ó sì ń hó ní nǹkan bí 2,860 °C. Èéfín irin tí ó ń hó máa ń ti irin yíyọ́ sísàlẹ̀, ihò tóóró kan yóò ṣí, ìtànṣán yóò wọ inú rẹ̀, yóò máa lu ògiri rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ihò náà yóò sì máa jìn sí i bí kànga. Nítorí náà, bí jíjìn adágún bá ti kọjá ìdajì ìbú rẹ̀ dáadáa, ẹ mọ̀ pé kànga ti ṣí.

Kànga kékeré tí ó dúró jẹ́ẹ́ kì í ṣe ọ̀tá, ọ̀pọ̀ ètò tí ó dára ni ó ní in. Èyí tí ó burú ni kànga jíjìn tí ń gbọ̀n, nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń pa dé lójijì, yóò sì há gáàsì mọ́ inú irin. Ibẹ̀ ni àwọn ihò róbótó tí a ń rí ní ìsàlẹ̀ ìlà ti ń wá.

Ní ìdà kejì, adágún tí kò jìn tó kò ní kan irin ìsàlẹ̀. Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí pé ó so gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ẹ fi ìbú adágún pín àlàfo ìlà, kí ẹ sì fi èsì náà lọ ara rẹ̀. Ẹ fi jíjìn adágún pín ìnípọn ìpele, kí ẹ fi ìyẹn náà lọ ara rẹ̀. Ẹ wá ro méjèèjì pọ̀. Bí àpapọ̀ wọn kò bá ju 1 lọ, àwọn ìlà yóò mú ara wọn. Bí ó bá ju 1 lọ, ibi kan yóò wà láàárín ìlà méjì tí iná kò dé. Bí adágún bá fẹ̀ tó 0.14 tí ó sì jìn tó 0.08, pẹ̀lú àlàfo 0.1 àti ìpele 0.04, a ó rí 0.51 àti 0.25, àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.76, ọkàn wa sì lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí adágún bá fẹ̀ tó 0.11 péré tí ó jìn tó 0.06, a ó rí 0.83 àti 0.44, ìyẹn 1.27, ihò kò sì ní ṣàì wà. Bí mo bá ti mọ ìṣirò yìí nígbà náà, àwọn abẹ̀bẹ̀ wa ì bá má sán.

Kí ẹ tún fi ohun kan sọ́kàn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbàgbé. Ìpele 0.04 tí a kọ sínú ẹ̀rọ kì í ṣe ìnípọn ìyẹ̀fun tí lésà ń bá pàdé. Ìyẹ̀fun kì í kún ààyè rẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ wà láàárín hóró sí hóró. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì ààyè náà ni irin kún, ìyẹ̀fun 0.04 yóò yọ́ di irin 0.02 ní ìpele àkọ́kọ́, àlàfo 0.02 yóò kù, ìpele tí ó tẹ̀lé e yóò gba ìyẹ̀fun 0.06, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi dúró sí 0.08. Ìdí nìyí tí ìpele márùn-ún àkọ́kọ́ fi lè dára lójú tí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í níhò. Ẹ má ṣe fi ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìdánwò tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́ ìpele ìyẹ̀fun kan sórí pátákó irin, kí ẹ fa àwọn ìlà tí wọ́n gùn tó 20 mìlímítà, kí agbára àti eré ìlà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ fi awò asọǹkandi-ńlá wò wọ́n. Ìlà tí ó dára yóò lọ gbọọrọ láìjá, ìbú rẹ̀ yóò sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí eré rẹ̀ pọ̀ jù fún agbára rẹ̀ yóò já sí hóró hóró bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ẹ gé àwọn tí ó dára ní ìbú, ẹ dán ojú wọn, ẹ fi ásíìdì tí ó bá irin náà mu pa á lójú kí ààlà adágún lè hàn, kí ẹ sì wọn ìbú àti jíjìn. Ìwọ̀n wọ̀nyí ni ẹ ó lò fún ìṣirò tí mo sọ lókè.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mọ àwọn búlọ́ọ̀kù. Fún 316L, mo máa ń lo agbára mẹ́ta, 150, 200 àti 250 wáàtì, pẹ̀lú eré mẹ́rin, 600, 800, 1,000 àti 1,200, kí àlàfo àti ìnípọn dúró bí wọ́n ṣe wà. Èyí fún wa ní búlọ́ọ̀kù 12 tí òṣùwọ̀n ooru wọn lọ láti nǹkan bí 31 títí dé 104. Ẹ kọ àmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì tò wọ́n ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láti èyí tí iná rẹ̀ kéré sí èyí tí ó pọ̀. Ẹ da wọ́n rú lórí pátákó, nítorí pé ibi tí búlọ́ọ̀kù wà pẹ̀lú ń nípa lórí rẹ̀, bí a bá sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, a kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi iná àti èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi àyè.

Ìwọ̀n omi ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹ wọn búlọ́ọ̀kù ní gbígbẹ, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ó rì sínú omi, ẹ fi ìyàtọ̀ wọn pín ìwọ̀n gbígbẹ, kí ẹ sì fi ìwọ̀n omi fúnra rẹ̀ lọ èsì náà. Níhìn-ín ni ooru ilẹ̀ wa ti wọ ọ̀rọ̀. Omi tí ó wà ní 25 °C wọn gíráàmù 0.9970 fún sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, ìbú àti gíga. Èyí tí ó wà ní 30 °C wọn 0.9957. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi inú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè dé 30. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wá irin tí ó kún dé 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí ó kéré bẹ́ẹ̀ lè tàn wá jẹ. Ẹ ki tẹmómítà bọ omi náà. Ẹ tún kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kí ihò afẹ́fẹ́ má baà lẹ̀ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù. 316L tí kò níhò rárá máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 7.9 sí 8.0.

Ṣùgbọ́n omi kò lè sọ irú ihò tí ó wà nínú irin fún wa, irú ihò náà ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbọ́dọ̀ gé búlọ́ọ̀kù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà 320, 600 àti 1,200 dán ojú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ máa yí irin náà padà bí ẹ bá ti ń bọ́ sí èyí tí ó kúnná sí i, kí ẹ sì fi ọ̀dà ìdán parí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi dà bí dígí. Ẹ má kánjú nídìí èyí, nítorí pé irin rírọ̀ tí a kò dán dáadáa lè fa ara rẹ̀ bo ihò mọ́lẹ̀.

Bí ihò bá fẹ̀ ní ìbú, tí etí rẹ̀ mú, tí ó dùbúlẹ̀ sí àárín ìpele, iná kò tó: ẹ dín eré kù, tàbí àlàfo, tàbí ìnípọn ìpele, tàbí kí ẹ fi kún agbára. Bí ihò bá róbótó tí ó sì tò sí ìsàlẹ̀ adágún, kànga ni ó pa dé: ẹ fi kún eré tàbí kí ẹ dín agbára kù. Bí ẹ bá sì rí ihò wíńníwínní tí ó fọ́n ká síbi gbogbo, tí kò yí padà bí ẹ ti ń yí iná padà, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti wà nínú hóró ìyẹ̀fun láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìyẹ̀fun ni kí ẹ pààrọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí etí rẹ̀ mú ni mo bẹ̀rù jù, pàápàá bí ó bá sún mọ́ ojú irin, nítorí pé ibẹ̀ ni irin tí ẹrù ń gùn tí ó ń sọ̀ máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àwọn kan máa ń fi ooru àti gáàsì alágbára tẹ irin náà pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kí ihò lè dí. Ó ń ran ihò tí irin yí ká lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè dí èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sí ìta.

Nígbà tí ẹ bá rí àwọn búlọ́ọ̀kù tí ó dára, ẹ mú èyí tí ó wà láàárín wọn, ẹ má mú èyí tí ó wà létí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni yóò yára jù. Ohun púpọ̀ ni yóò máa ti iná yín kiri láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹni tí ó bá sì ti dúró sí etí, ìtì díẹ̀ ni yóò gbé e ṣubú.

Irin kọ̀ọ̀kan àti ìwà rẹ̀

Irin aláìdípẹtà ni ó ní sùúrù jù, òun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù ń ta ìtànṣán lésà padà, ó sì ń yára fa ooru lọ, nítorí náà ó ń fẹ́ agbára ńlá, nǹkan bí 350 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú eré tí ó yá. Ṣùgbọ́n magnesium tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn ń hó ní nǹkan bí 1,090 °C, tipẹ́tipẹ́ kí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ tó hó, bí a bá sì sun ún jù, magnesium yóò bá èéfín lọ, irin tí yóò kù kò sì ní jẹ́ èyí tí a rà. Titanium kì í fa ooru lọ kíákíá, nítorí náà adágún rẹ̀ ń tètè jìn, iná tí ó tó alumíníọ̀mù yóò gbẹ́ kànga sínú rẹ̀. Ó tún ń gba ọ́síjìn mọ́ra nígbà tí ó bá gbóná, ìyẹn sì ń sọ ọ́ di ohun tí ń tètè kán. Gáàsì argon inú àpótí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ́. Ní ti bàbà, lésà tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nanomítà 1,070, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀ rárá. Àwọn kan ti ń lo lésà aláwọ̀ ewé tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanomítà 515 nítorí bàbà.

Níbi tí nǹkan tí a ń mọ bá ti yọrí síta, tí ó jẹ́ pé ìyẹ̀fun nìkan ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ dín iná kù. Ìyẹ̀fun kì í fa ooru lọ bí irin líle, adágún yóò rì sínú rẹ̀, ojú ìsàlẹ̀ yóò sì rí págunpàgun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ààyè tí a lè kọ iná ibẹ̀ sí lọ́tọ̀.

Bí irin bá ń ká etí sókè tàbí tí ó ń sán nígbà tí ó ń tutù, kì í ṣe ihò ni ẹ ń bá jà, ìfà tí ó há sínú irin ni. Ẹ jẹ́ kí ìlà kúrú, ẹ mú pátákó gbóná ṣáájú, kí ẹ sì máa yí ìhà ìlà padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìgun dígírì 67 ni ọ̀pọ̀ ń lò, nítorí pé ó di lẹ́yìn ìpele 180 kí ìlà tó tún bọ́ sí ìhà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ń yí iná padà láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan bọ́tìnnì

Wáàtì tí ẹ kọ sínú kọ̀ǹpútà kọ́ ni wáàtì tí ó dé orí ìyẹ̀fun. Dígí tí lésà ń gbà kọjá máa ń gba èéfín irin sára, yóò dín agbára kù, bí ó bá sì gbóná, yóò sún ojú iná kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ẹ nù ún kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ ìwọnná wọn agbára ní orí pèpéle gan-an. Gáàsì tí ń fẹ́ nínú àpótí ni ó ń kó èéfín àti ẹ̀ta irin lọ. Bí kò bá fẹ́ dáadáa, èéfín yóò bo ojú lésà. Ẹ jẹ́ kí lésà kọ́kọ́ yọ́ àwọn tí ó wà ní ìhà ibi tí gáàsì ń jáde sí, kí ẹ̀ta má baà bọ́ sórí ìyẹ̀fun tí a kò tíì yọ́.

Ìyẹ̀fun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ máa fi asẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí hóró ńlá má baà kù sínú rẹ̀. Hóró tí ó wọ́pọ̀ fún iṣẹ́ yìí wà láàárín 0.015 sí 0.045 mìlímítà. Ní àkókò òjò, bí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìyẹ̀fun tí a ṣí sílẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ra, kò ní tẹ́ dọ́gba, ti alumíníọ̀mù yóò sì tún há gáàsì sínú irin. Ẹ pa agolo dé, kí ẹ sì gbẹ ìyẹ̀fun kí ẹ tó lò ó. Ní ti iná mànàmáná, iṣẹ́ tí yóò gba wákàtí 20 kò yẹ ní fífi iná ìjọba nìkan bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, irin yóò tutù, yóò sún kì, ìlà àpá yóò sì wà ní ìpele yẹn, àní bí a bá tilẹ̀ rí i tẹ̀ síwájú. Bátìrì tí ó lè gbé ẹ̀rọ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbà á ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ìtànṣán lésà yìí kò ṣeé rí, bẹ́ẹ̀ ó lè fọ́ ojú. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ láé. Ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù àti ti titanium lè gbiná, ó sì lè bú gbàmù bí ó bá fò sáfẹ́fẹ́. Ẹ bo imú, ẹ má mu sìgá nítòsí, bí ó bá sì gbiná, ẹ má da omi sí i. Ohun ìpaná tí wọ́n ṣe fún irin ni kí ẹ lò, tàbí iyanrìn tí ó gbẹ dáadáa.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá gbé sórí pátákó, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kékeré kan sí igun rẹ̀, pẹ̀lú iná kan náà tí ẹ fi mọ iṣẹ́ gidi. Ẹ kọ ọjọ́, agbára, eré, àlàfo, ìnípọn àti iye ìgbà tí ẹ ti lo ìyẹ̀fun náà sínú ìwé kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, búlọ́ọ̀kù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan èyí tí oníbàárà ń dúró dè.